Ẹ̀rọ Omi Tó Jẹ Iyọ̀ Àwọn Ìyàwó Ilé

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má tíì bú Bùsírátù. Ẹ jẹ́ kí n rò ó tán ná. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́. Ó ní kí n má bo ohunkóhun, kí n má sì bá òun bu oyin sí i. Ó ní ó ti rẹ òun láti máa dá a gbé kiri nínú ikùn. Bí ẹ bá wá kà á tán tí ẹ ṣì fẹ́ bú u, ẹnu yín ni, ẹ máa bú u.

Ìparí ọdún 1983 ló bẹ̀rẹ̀. Bùsírátù àti ọkọ rẹ̀, Mọ́nsúrù Ọláògún, ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sí ẹ̀yìn agbolé Ọláògún ní Ìbarà, l'Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ ìjọba ni Mọ́nsúrù ń ṣe. Ilé náà dára: fèrèsé onígíláàsì, balùwẹ̀ nínú ilé, tẹ́rásò nílẹ̀. Omi ni kò dára.

Omi ẹ̀rọ ìjọba kì í yọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kànga tí wọ́n sì gbẹ́, inú òkúta ni wọ́n gbẹ́ ẹ gbà. Omi rẹ̀ mọ́ gaara, ṣùgbọ́n omi líle ni. Ẹ fi ọṣẹ sí i, kò ní hó. Ẹ tún fi sí i, á kàn dì bíi wàrà tó bàjẹ́, á máa lẹ̀ mọ́ etí báàfù. Aṣọ funfun tí wọ́n bá fi fọ̀ á gan bíi páálí. Nǹkan funfun kan bí ẹfun ti bo inú kẹ́tùlù wọn, ẹ fi ọ̀bẹ ha á, kò ha. Mọ́ṣúdù, ọmọ wọn ọlọ́dún mẹ́rin, bí wọ́n bá ti wẹ̀ fún un tán báyìí, ó di kí ó máa họra.

"Bàbá Mọ́ṣúdù, omi yìí ń bá mi jà o," Bùsírátù á wí.

"Omi ni, kì í ṣe orogún," ọkọ rẹ̀ á dáhùn, á sì wọ bùbá rẹ̀ gígan náà lọ sí ọ́fíìsì.

Ìyá Mọ́nsúrù, Àlàájà Kùdírátù, ló kọ́kọ́ fún un ní ìmọ̀ràn. Àlàájà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́rin ọdún. Aláró ni, àdìrẹ ló sì ń tà ní Ìtòkú láti kékeré, àwọ̀ aró ò kúrò ní èékánná rẹ̀ mọ́. Ó gbọ́ ẹjọ́ omi náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Omi tó bá le, eérú ló ń rọ̀ ọ́. Wá eérú igi tó jóná dáadáa, dì í sínú aṣọ, kó o rì í sínú omi náà di ọjọ́ kejì. Bó bá ti tòrò, o ó gbọ́n ojú rẹ̀. Ohun tí à ń ṣe nìyẹn kí n tó bí ọkọ ẹ."

"Ẹ ṣé, mà," ni Bùsírátù wí.

Nínú ọkàn rẹ̀, ó ní: èmi, ìyàwó òṣìṣẹ́ ìjọba, kí n máa kó eérú wọlé sórí tẹ́rásò? Kò dán an wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ibẹ̀ ni Herbert ti bá wọn. Ọmọ Sàró ni Herbert, ọ̀rẹ́ Mọ́nsúrù láti iléèwé. Iṣẹ́ páìpù omi ló ń ṣe, ó sì ti bá àwọn òyìnbó kan tó ń ṣe ọ̀nà ṣiṣẹ́. Nígbà tí àwọn yẹn ń palẹ̀ mọ́, wọ́n ta ẹrù ilé wọn. Herbert ra nǹkan kan lọ́wọ́ wọn, ó fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e wá sí Ìbarà.

"Kí lèyí, Búrọ̀dá Herbert? Fíríìjì ni?"

"Ẹ̀rọ tó ń rọ omi ni, ìyàwó wa." Ó fi ọwọ́ lu àgbá kìíní. "Àwọn hóró wínníwínní kan wà nínú èyí. Omi á gba àárín wọn kọjá, wọ́n á gba ẹfun inú rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gba ẹfun yó, wọn ò ní lè gbà mọ́. Iyọ̀ ni wọ́n ń fẹ́ nígbà yẹn. Ẹ ó da iyọ̀ sínú àgbá kejì yìí. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kẹrin bá ń mọ́, ẹ̀rọ á fi omi iyọ̀ fọ inú ara rẹ̀, á da ẹ̀gbin sí gọ́tà, á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

"Iyọ̀ ọbẹ̀?"

"Òun náà. Ó ń jẹ ẹ́ gan-an o, mi ò ní purọ́ fún yín."

Iyọ̀ ò tíì wọ́n nígbà náà. Wọ́n ra àpò kan, wọ́n dà á sí i. Ní ọjọ́ kejì, Bùsírátù kàn fi ọṣẹ kan omi ni, ọṣẹ hó, ó hó títí ó fi bo ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó kígbe, ó pe ọkọ rẹ̀ kó wá wò ó. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, Mọ́ṣúdù ò họra mọ́. Àlàájà wá wẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ariwo rẹ̀ ni wọ́n gbọ́ láti balùwẹ̀:

"Bùsírá o! Ọṣẹ ò kúrò lára mi! Mo ti ṣan ara lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ṣì ń yọ̀ bí ẹja!"

"Ọṣẹ ti kúrò, mà! Omi ló rí bẹ́ẹ̀!"

"Irú omi wo ló ń yọ̀? Ẹ gbà mí lọ́wọ́ òyìnbó!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí. Bùsírátù sọ fún mi pé òun ò tíì tún rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹni tí ó ba nǹkan jẹ́ ni Mísíìsì Ọmọ́tọ́ṣọ́. Bí ẹ bá sì ní ẹnì kankan ò ba nǹkan jẹ́ fún un, pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́, òótọ́ lẹ sọ. Ọkọ Mísíìsì Ọmọ́tọ́ṣọ́ ni ọ̀gá Mọ́nsúrù níbi iṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, inú mọ́tò ni ìyá yìí ti máa ń mi orí sí Bùsírátù. Ṣé ọmọ àgbẹ̀ oníìrẹsì l'Ọ̀fàdà ni Bùsírátù, kò mọ ẹnikẹ́ni ní Ìbarà. Àfi bí ìyá yìí ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ omi. Ó wá fọ irun níbẹ̀. Ó tún wá. Ó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, wọ́n ń fi ọwọ́ pa irun ara wọn, wọ́n ń ṣe háà.

"Madam Soft Water!" ni wọ́n ń pè é. Orí Bùsírátù wú. Ó ń ṣe tíì fún wọn nínú kẹ́tùlù tuntun.

Ọdún yí, sójà gbàjọba, ọjà wá di ohun tí à ń tò fún nínú oòrùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nígbà náà ò ní gbàgbé ẹsẹ́ńkò: ṣúgà, mílíìkì, ọṣẹ ìfọṣọ, òróró. Ìgbà tó yá, iyọ̀ pàápàá ò sí. Iyọ̀! Ohun tí a fi ń ṣe sàráà fún aládùúgbò láìròó lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn ìyàwó ilé Ọláògún méjìdínlógún bá pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àlàájà. Wọ́n ní kí Mọ́nsúrù bá àwọn gba ìwé ní ọ́fíìsì, kí wọ́n lè máa fún agbolé ní iyọ̀ papọ̀. Mọ́nsúrù gbà. Ó wá ku ẹni tí yóò máa gba iyọ̀ náà, tí yóò sì máa pín in.

Asiata ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n Mọ́nsúrù ni, ó ń sin ewúrẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú.

"Ẹ fara balẹ̀ yan ẹni náà o. Ẹni tó ń pín nǹkan, tirẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀."

"Bùsírátù ni yóò pín in," ni Àlàájà wí.

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ yíjú sí Àlàájà.

"Ó mọ̀wé, kì í ṣe ẹlẹ́nu méjì. Èmi ni mo dúró fún un. Bí hóró iyọ̀ kan bá dín, ẹ má bi í, èmi ni kí ẹ bi."

Bùsírátù kúnlẹ̀, omi lé ròrò sí i lójú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Ọdún méje gbáko ni Àlàájà fi ń pè é ní ọmọ ará oko. Ó fẹ́ kí Mọ́nsúrù fẹ́ ọmọ oníṣòwò Ìtòkú, Mọ́nsúrù kọ̀. Gbogbo ohun tí Bùsírátù ń wá láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ ni kí ìyá yìí fi ojú ọmọ wo òun. Ọjọ́ náà ló rí i, níwájú gbogbo ìyàwó ilé. Kò sí ohun tó tún ní láti pàdánù nílé ọkọ tó tó ìyẹn.

Àpò kan ni wọ́n kọ́kọ́ fún wọn. Bùsírátù fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́n, agolo kọ̀ọ̀kan dọ́gba, ó fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀. Àdúrà ni wọ́n ń gbà fún un. Asiata pàápàá ní, "Ìyàwó, o ṣeun. Ọwọ́ ẹ mọ́."

Ṣùgbọ́n nílé, àgbá iyọ̀ ẹ̀rọ ti ṣófo.

Omi tún le. Ọṣẹ tún ń dì. Mọ́ṣúdù bẹ̀rẹ̀ sí í họra, ó ń ké ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé e lọ sí balùwẹ̀. Bùsírátù rántí eérú. Ó ní, "Ọ̀la ni n ó ṣe é." Ọ̀la dé, Mísíìsì Ọmọ́tọ́ṣọ́ ránṣẹ́: òun ń mú àwọn ìyàwó ọ̀gá méjì bọ̀ láti Èkó ní Sátidé, kí Madam Soft Water jọ̀wọ́ múra sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọkọ̀ ìjọba gbé iyọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì wá. Ààwẹ̀ ti sún mọ́lé, wọ́n sì mọ̀ pé iyọ̀ sààrì ni. Dẹ́rẹ́bà já a sí ẹ̀yìnkùlé Bùsírátù, Bùsírátù fọwọ́ sí ìwé, ọkọ̀ lọ.

Àpò méjì ni.

Bùsírátù dúró tì í. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Àpò kan ṣoṣo ni àwọn obìnrin yẹn ń retí, bí wọ́n bá ti rí ọ̀kan wọ́n á yọ̀. Àbí ta ló gba ìwé ọ̀hún? Kì í ṣe ọkọ òun? Ẹsẹ̀ ta ló rìn? Òun á dá a padà bí wọ́n bá tún gbé òmíràn wá. Kì í ṣe pé òun fẹ́ jẹ ẹ́, òun kàn fẹ́ yá a lò ni.

Ẹ ò rí i bí olè ṣe máa ń di lọ́yà ara rẹ̀? Mo bi í pé, "Ṣé ìwọ fúnra ẹ gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́?" Ó ní, "Rárá. Mo kàn ń wí i kí n má baà gbọ́ nǹkan mìíràn."

Ó fa àpò kan wọlé, ó já ẹnu rẹ̀, ó dà á sínú àgbá. Iyọ̀ náà ń dún ṣàà bó ṣe ń lọ.

Lálẹ́, Mọ́nsúrù bi í, "Wọ́n ti gbé iyọ̀ dé? Méjì ni mo rí nínú ìwé."

"Ọ̀kan ni wọ́n já sílẹ̀. Wọ́n ní ọ̀kan yòókù ò tíì dé."

"Àwọn olè," ni Mọ́nsúrù wí, ó ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn ìyàwó ilé wá gba ìpín. Nítorí pé iyọ̀ ààwẹ̀ ni, agbolé fẹ́ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ìta mọ́sáláásí tí wọ́n ti ń fún àwọn aláìní lóúnjẹ. Bí wọ́n ti yọ ìyẹn kúrò, ìpín ẹnìkọ̀ọ̀kan bọ́ sí ìdajì.

Asiata wo inú ọwọ́ ara rẹ̀. "Ìdajì? Fún ààwẹ̀ odindi?"

"Ẹ má bínú, ìyálé mi. Ohun tí wọ́n fún wa nìyẹn."

"Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ, ìyàwó. Ìjọba ni."

Àlàájà ló gbà kẹ́yìn. Ó di tirẹ̀ sínú ìdí ìró, lẹ́yìn náà ó tún tú u. Ó pín in sí méjì, ó da apá kan padà sínú abọ́ Bùsírátù.

"Èyí fún Mọ́ṣúdù. Ọmọdé ò lè jẹ ọbẹ̀ àtẹ́. Èmi ti jẹ iyọ̀ tó láyé."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un lọ."

"Gbà á, ọmọ mi."

Bùsírátù gbà á. Kí ni ì bá ṣe? Ó gbé iyọ̀ náà sí orí kọ́bọ́ọ̀dù, kò sì lè fi se ọbẹ̀. Bó bá ti nawọ́ sí i, á tún fa ọwọ́ náà padà.

Àwọn ìyàwó ọ̀gá dé ní Sátidé. Wọ́n fọ irun, wọ́n yìn ín, wọ́n mu tíì, wọ́n lọ. Ó ní bí wọ́n ṣe lọ tán, ilé dákẹ́, ó jókòó sórí àga, kò rántí ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sọ. Kí ni mo gbé, kí ni mo jù? Ọ̀rọ̀ tó ń bá ara rẹ̀ sọ nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé ni ewúrẹ́ àkọ́kọ́ dé.

Ẹ rántí pé ẹ̀rọ náà máa ń fọ inú ara rẹ̀, á sì da omi iyọ̀ sí gọ́tà ẹ̀yìnkùlé. Ilẹ̀ ń mọ́, Bùsírátù ṣí ilẹ̀kùn, ó bá ewúrẹ́ kan tó kúnlẹ̀ sí etí gọ́tà, tó ń lá sìmẹ́ǹtì. Ó lé e. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, mẹ́ta ti dé. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n di mẹ́sàn-án. Ewúrẹ́ tí ẹ mọ̀ sí alágídí, tí iyọ̀ ti wọ́n lẹ́nu òun náà! Bùsírátù gbé ìgbálẹ̀, ó sọ̀kò, ó bomi fọ gọ́tà, ó gbé pákó bò ó. Wọ́n fi ìwo ta pákó dànù. Òbúkọ ńlá kan tilẹ̀ dúró, ó ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni pé òun ló jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kẹrin kọ̀ọ̀kan bá ti ń mọ́, á ti jí, á máa fetí sí gọ́tà. Ó lè ti ẹ̀rọ náà pa. Mo bi í ìdí tí kò fi tì í. Ó ní òun ń rò pé bí òun bá tì í, ọkọ òun á bi òun léèrè ìdí rẹ̀, òun á sì tún ní láti pa irọ́ mìíràn, irọ́ sì ti sú òun. Ẹ wo ọ̀rọ̀! Irọ́ sú u, òótọ́ sì ń bà á lẹ́rù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí ààwẹ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́ ohùn Asiata lẹ́yìnkùlé.

"Ìyàwó! Àwọn ẹran mi ò sùn sílé mọ́. Kí ni wọ́n rí níbí?"

Bùsírátù sáré jáde. Asiata ti dúró sáàárín àwọn ewúrẹ́ náà.

"Omi ọṣẹ ni, ìyálé mi. Mo fẹ́ lé wọn ni."

"Omi ọṣẹ? Ewúrẹ́ wo ló ń lá omi ọṣẹ?"

Asiata bẹ̀rẹ̀. Ó ti ìka bọ gọ́tà, ó tọ́ ọ wò. Ó tutọ́. Ó tún ti ìka bọ̀ ọ́, ó tún tọ́ ọ wò. Ó yíjú wo Bùsírátù.

Lẹ́yìn náà ló ké. "Ẹ̀yin ìyàwó ilé! Ẹ jáde o! Ẹ wá tọ́ gọ́tà wò!"

Wọ́n jáde. Ọ̀kan ń fọ eyín lọ́wọ́, òmíràn gbé ọmọ pọ̀n. Wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tọ́ ọ wò, wọ́n ń gbé ojú sókè wo ara wọn.

"Iyọ̀ ni."

"Iyọ̀ ni, wallahi."

"Ṣé iyọ̀ ló ń ṣàn lọ báyìí? Iyọ̀?"

Àlàájà ló dé kẹ́yìn, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀, orúnkún rẹ̀ ò gbé e mọ́ dáadáa.

"Àlàájà, ẹ má tọ́ ọ wò," ni Asiata wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

Àlàájà bẹ̀rẹ̀. Ó fi ìka aláró rẹ̀ kan omi náà, ó fi kan ahọ́n. Ó pẹ́ kó tó nà ró.

"Bùsírá. Níbo ni iyọ̀ yìí ti wá?"

Irọ́ wà lẹ́nu Bùsírátù. Ó ní ó wà níbẹ̀, òun ti hun ún tán. Ṣùgbọ́n ó wo ojú ìyá yìí, ó wólẹ̀ sórí eékún méjèèjì.

"Àpò méjì ni wọ́n gbé wá, màmá. Mo da ọ̀kan sínú ẹ̀rọ."

"Nítorí kí ọṣẹ lè hó!" Asiata pàtẹ́wọ́. "Ẹ wò ó o! Àwa ń jẹ ọbẹ̀ àtẹ́, ẹ̀rọ ń jẹ iyọ̀! Ọmọ mi ń sunkún oúnjẹ, ìyàwó ń fi iyọ̀ rẹ̀ fọ irun ìyàwó ọ̀gá! Olè!"

Àwọn yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀, ariwo sọ. Ẹnìkan na ọwọ́ sí gèlè Bùsírátù. Àlàájà gbé ọ̀pá rẹ̀ dábùú.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án. Mo ti sọ fún yín pé bí ó bá dín, èmi ni kí ẹ bi. Ẹ bi mí."

Kò sí ẹni tó lè bi í. Ìyẹn gan-an ló burú. Wọ́n ń wo ilẹ̀.

Mọ́nsúrù jáde síta pẹ̀lú bùbá funfun rẹ̀, ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó padà sínú ilé. Ọjọ́ kejì ló ní kí Herbert wá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Títí di òní, Bùsírátù ní ọkọ òun ò bá òun jà lórí ọ̀rọ̀ náà rí, ó sì wu òun kó ti bá òun jà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí àṣírí tú, Àlàájà ní kí wọ́n ṣí àgbá. Ìdajì iyọ̀ náà ṣì wà nísàlẹ̀, ó ti rin, ó ti dì. Bùsírátù fi ọwọ́ ha á jáde, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní nínú oòrùn. Nígbà tó gbẹ, Àlàájà ní kó kó o sínú báàfù, kó bò ó, kó gbé e rù.

"Níbo la ń lọ, màmá?"

"Ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ín."

Ilé méjìdínlógún. Àlàájà ń ṣáájú pẹ̀lú ọ̀pá, Bùsírátù ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú iyọ̀ lórí. Bí wọ́n bá ti wọlé, Àlàájà á rọra fi ọ̀pá lélẹ̀, á sì kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Ìyá ọkọ, arúgbó, Àlàájà, ó kúnlẹ̀ fún ìyàwó ilé.

"Yéè! Ẹ dìde, Àlàájà! Ẹ má fi èyí gégùn-ún fún wa!"

"Èmi ni mo dúró fún un. Ẹ bá mi dárí jì í."

Wọ́n á fà á dìde, wọ́n á gba iyọ̀, wọn ò ní wo ojú Bùsírátù. Asiata gba tirẹ̀ pẹ̀lú omijé. Bí wọ́n bá tún bọ́ sójú ọ̀nà, Àlàájà ò ní sọ̀rọ̀. Bùsírátù ní ì bá sàn kó fi ọ̀pá náà na òun. Ní ilé kẹwàá, ó sọkún, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n máa dá lọ." Àlàájà ní, "Gbé báàfù náà dáadáa." Ohùn rẹ̀ ò le. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

Ilé tó kẹ́yìn ni ti Ìyá Adétáyọ̀. Òun ló dàgbà jù nínú àwọn ìyàwó ilé. Ìgbàgbọ́ ni, opó ni, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ìsàlẹ̀ ọ̀nà lọ́hùn-ún ló sì ń gbé. Ìròyìn ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láfún ló ń rò lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wọlé.

"Ta nìyẹn? Àlàájà! Ẹ kú ìrìn o! Ta lẹ mú dání?"

"Bùsírátù ni, mà. Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Àlàájà dáhùn.

"Ìyàwó wa oníyọ̀! Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Oúnjẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ délẹ̀ ni."

Wọn ò rí àyè sọ̀rọ̀. Bùsírátù gbé báàfù sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ìyá àgbà náà ń fọwọ́ tálẹ̀ wá abọ́, ó bu láfún, ó bu ọbẹ̀ ilá lé e, ó gbé e síwájú wọn. Ta ló jẹ́ kọ oúnjẹ àgbà?

"Ẹ má bínú sí mi o," ló wí. "Kò sí iyọ̀ níbẹ̀. Èyí tí ìyàwó wa pín fún mi, mo ti bu ún fún ọmọ Adétáyọ̀ tó ń ṣàìsàn. Kì í ṣe ẹ̀bi ìyàwó wa, ẹ gbọ́? Ohun tí wọ́n bá gbé fún un ló ń pín. Olúwa á san án fún ọ, ọmọ mi. Wàá jèrè ọwọ́ ẹ."

Bùsírátù wo Àlàájà. Àlàájà ti ń fọ ọwọ́.

"Jẹun," ni Àlàájà wí.

Bùsírátù bu òkèlè kan, ó fi kan ọbẹ̀. Kò ní adùn kankan. Ó gbé e mì, omijé ń ṣàn sí i lẹ́nu. Ó bu òmíràn. Ìyá àgbà ò rí omijé náà, ó ń fetí sí i bó ṣe ń jẹun, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ebi ń pa ọmọ yìí. Ṣé kí n bù sí i?"

Bùsírátù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ẹ bù sí i fún un, mà," ni Àlàájà wí.

Ó bù sí i. Bùsírátù jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka nu abọ́. Nígbà náà ni Àlàájà gbé ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó fọwọ́ ti ilẹ̀ láti tún kúnlẹ̀. Bùsírátù di apá rẹ̀ mú.

"Ẹ jókòó, màmá," ló wí. "Èyí, èmi ni n ó sọ ọ́."